Bí Bougainvillea Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí eruku bo ewé gbogbo, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà sì ti gbẹ, igi kan wà tó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ẹwà rẹ̀ ń yọ. À ń rí i lórí ògiri ilé ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ní GRA Ìkẹjà, lẹ́nu géètì ilé ìwé àti òtẹ́ẹ̀lì káàkiri ilẹ̀ wa. Òmíràn pọ́n yòò, òmíràn jẹ́ elésè àlùkò, òmíràn funfun báláú, òmíràn sì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ẹ̀gún rẹ̀ mú débi pé àwọn onílé mìíràn fi ń ṣe ọgbà tí olè kò ní lè fò. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa kò ní orúkọ kankan fún un ju fúláwà lọ.

Bougainvillea ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nínú ìwé. Orúkọ ènìyàn ni. Ọkùnrin ará Faransé kan ló ń jẹ́ Bougainville, jagunjagun ni, atukọ̀ òkun sì ni. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbin igi náà, kì í sì í ṣe òun ló já ẹ̀ka rẹ̀ wá láti inú igbó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi ti wá. Bí orúkọ ọkùnrin náà ṣe dé orí igi yìí ni mo fẹ́ sọ, torí pé ìtàn náà fi hàn kedere bí àwọn onímọ̀ ṣe ń sọ ewéko lórúkọ, ohun tó ń mú kí orúkọ kan dúró, àti ohun tó ń mú kí òmíràn parẹ́. Obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá gbin igi yìí mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igi náà dáadáa. Ohun aláwọ̀ tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Já ẹyọ kan, kí o gbé e sókè sí oòrùn. Wàá rí iṣan tó là á láàárín àti àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó yà kúrò lára rẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ lára àwọn ewé tútù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka kan náà. Ó fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bó bá ti ń gbẹ. Mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ewé aláwọ̀ yìí máa ń so pọ̀. Àárín wọn ni òdòdó gan-an wà, àwọn náà mẹ́ta. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó lẹ̀ mọ́ iṣan àárín ewé tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sí igun márùn-ún, ó sì funfun tàbí kó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀. Ènìyàn lè gbin igi yìí pẹ́ títí kó má fojú sí òdòdó rẹ̀ gan-an rí, torí pé ewé tó yí i ká ti gba gbogbo ojú lọ. Iṣẹ́ tí ewé náà sì wà fún nìyẹn, kí ẹyẹ àti labalábá lè rí ibi tí òdòdó kékeré náà fara pamọ́ sí láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọ̀ yẹn pàápàá yàtọ̀. Ohun tó ń mú kí púpọ̀ nínú òdòdó pupa ayé pọ́n kọ́ ló mú kí tirẹ̀ pọ́n. Ohun tó wà nínú bíìtrúùtù àti nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pupa ló wà nínú rẹ̀. Betalain ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìwọ̀nba ẹbí ewéko díẹ̀ ló sì ní i. Ẹbí tí bougainvillea wà kò sì ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ̀tìpọ́nọ́lá tí àwọn àgbà ń já fún àgbo wà nínú ẹbí náà, bẹ́ẹ̀ náà ni tannáposó tí òdòdó rẹ̀ ń là nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀. Ọmọ ẹbí kan náà ni èyí tó ń ràn nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa àti èyí tó ń gun ògiri ilé olówó. Inú mi máa ń dùn sí èyí, torí pé àwọn tó ń ro ẹ̀tìpọ́nọ́lá dànù bíi koríko ni wọ́n ń náwó sórí ìbátan rẹ̀ tó ti òkèèrè wá.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìtọ́jú rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bomi rin bougainvillea lójoojúmọ́, tó tún ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i nídìí, ewé tútù nìkan ni yóò máa rí. Igi náà fẹ́ oòrùn gbangba àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, ó sì fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun díẹ̀ kó tó yọ àwọ̀ jáde. Ara ẹ̀ka tuntun ló máa ń yọ ọ́ sí, torí náà, bí àwọ̀ bá ti rẹ̀ dànù ni kí o gé e, kó lè rúwé tuntun. Ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀ ni kí o gé láti fi gbin òmíràn, kí o kì í bọ yẹ̀pẹ̀ oníyanrìn lábẹ́ ìbòòji. Nígbà tí o bá sì fẹ́ lọ́ ọ, má tu gbòǹgbò rẹ̀ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ tó wà, torí pé gbòǹgbò náà rọrùn láti kán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ méjì ni ìwé àwọn onímọ̀ fún ewéko kọ̀ọ̀kan, ní èdè Látìn tàbí ní ohun tí wọ́n yí padà kó lè jọ Látìn. Èkíní dà bí orúkọ agboolé, èkejì sì jẹ́ orúkọ ọmọ nínú agboolé náà. Carl Linnaeus, oníṣègùn ará Sweden, ló fìdí àṣà yìí múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ ewéko títí dòní. Orúkọ tó wà ṣáájú ìwé náà kò ní àṣẹ mọ́, àfi bí ẹnì kan bá tún un tẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń rí orúkọ agboolé? Nígbà mìíràn, ìrísí ewéko náà ni wọ́n ń wò, nígbà mìíràn, ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n kí Linnaeus tó dé ni àṣà kan ti wà tó gbilẹ̀ gidigidi, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi orúkọ ènìyàn dá ewéko lọ́lá. Charles Plumier, àlùfáà ará Faransé tó rin erékùṣù Caribbean já, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di bárakú. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1703, ó fi orúkọ Leonhart Fuchs, oníṣègùn ará Jámánì, sọ Fuchsia lórúkọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi orúkọ Plumier fúnra rẹ̀ pe Plumeria, igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń gbìn sí àwọn ọgbà wa. Olómi-ojò tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, Thevetia ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é, torí André Thevet, àlùfáà ará Faransé tó dé Brazil ní 1555. Ẹ̀tìpọ́nọ́lá pàápàá ní tirẹ̀ nínú ìwé, Boerhavia ni, látara Herman Boerhaave, oníṣègùn ará Netherlands. Linnaeus gbà pé ẹ̀bùn tó ga jù tí ẹnì kan tó fi ayé rẹ̀ wá ewéko lè gbà nìyẹn, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àti olówó pọ̀ nínú ayé, àwọn onímọ̀ sì nílò ọ̀gá àti olówó.

Ọ̀gá ni Louis-Antoine de Bougainville. Wọ́n bí i ní Paris ní 1729. Ó gbọ́ ìṣirò débi pé ó kọ ìwé lé e lórí nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó tún wọṣẹ́ ológun, ó sì jagun ní Kánádà. Ní 1766, ọba Faransé rán an jáde pé kó yí ayé po lójú omi. Ará Faransé kankan kò tíì ṣáájú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ méjì ló kó lọ, La Boudeuse tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ àti L'Étoile tó ń kó ẹrù àti oúnjẹ. La Boudeuse ló kọ́kọ́ gbéra, ní oṣù Kọkànlá 1766. L'Étoile tẹ̀ lé e ní oṣù Kejì 1767, Rio de Janeiro ni àwọn méjèèjì sì ti pàdé ní oṣù Kẹfà ọdún náà.

Inú L'Étoile ni Philibert Commerson wà, oníṣègùn àti onímọ̀ ewéko tí ọba yàn láti kó ohun gbogbo tó bá hù, tó bá fò tàbí tó bá wẹ̀ jọ. Ó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ ara rẹ̀ kò dá, egbò burúkú kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan bá a wá, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Jean Baret. Irinṣẹ́ wọn pọ̀ débi pé ọ̀gákọ̀ L'Étoile fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ kò mọ̀ ni pé Jeanne ni ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń jẹ́, obìnrin sì ni. Wọ́n bí i ní 1740 ní La Comelle, abúlé kan ní ìgbèríko Burgundy. Ilé Commerson ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilé náà, ó sì tún di olólùfẹ́ rẹ̀. Òfin ọmọ ogun ojú omi Faransé kò gba obìnrin láyè nínú ọkọ̀ ọba. Ó di aṣọ mọ́ àyà rẹ̀ kó lè pẹlẹbẹ, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó sì díbọ́n bí ẹni tí kò rí Commerson rí.

Ọdún mẹ́rin péré ni Rio ti fi jẹ́ olú ìlú Brazil nígbà tí wọ́n débẹ̀, torí 1763 ni wọ́n gbé e kúrò ní Salvador. Kò rọrùn fún àwọn ará Faransé níbẹ̀. Wọ́n pa àlùfáà ọkọ̀ L'Étoile nítòsí ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, aṣojú ọba Portugal àti Bougainville sì di ọ̀tá ara wọn. Síbẹ̀, nínú ìjà àti ìfura yẹn, wọ́n ń já ewé. Láàárín ewéko tó ti ìtòsí Rio wọ inú ọkọ̀ ni ẹ̀ka kan wà tó ní ẹ̀gún, tí ewé aláwọ̀ mẹ́ta yí òdòdó mẹ́ta ká.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀ títí dòní. Wọ́n á gé ibi tí ewé àti òdòdó bá pé sí, wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín tákàdá, wọ́n á wá fi ohun tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tákàdá náà á máa gba omi ara rẹ̀, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí ewé yóò fi gbẹ láìjẹrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ìgbà tí wọ́n rí i sí ara rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí tákàdá kò lè pa mọ́, bí àwọ̀ àti gíga. Nínú ọkọ̀ tó ń mì, tí afẹ́fẹ́ òkun tútù ń wọ ibi gbogbo, ẹni tó lágbára àti sùúrù ló lè ṣe é. Ọlọ́gbẹ́ lẹ́sẹ̀ ni Commerson, iṣẹ́ sì pọ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ọwọ́ Jeanne Baret ló já ẹ̀ka bougainvillea náà. Kò sí ìwé kan tó sọ pé òun ni, èmi kò sì ní sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí Bougainville fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nípa obìnrin yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní lórí àwọn òkè oníyìnyín tó wà lẹ́bàá ọ̀nà omi Magellan, Baret ń tẹ̀ lé Commerson lọ síbi gbogbo, ó ń ru oúnjẹ, ìbọn àti àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ ewé sí, pẹ̀lú ìgboyà àti agbára tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí Commerson wà nígbà náà, ọkọ̀ ọba ni, Bougainville sì ni olórí rẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ ibi tí wọ́n á gúnlẹ̀ sí àti iye ọjọ́ tí wọ́n á lò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ Commerson wà. Nígbà tó di pé kó wá orúkọ fún igi tuntun tó rẹwà yìí, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló kọ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀bi púpọ̀ nínú ìyẹn. Ohun tí gbogbo onímọ̀ ayé ìgbà náà ń ṣe ni, Bougainville sì ṣe é dáadáa sí wọn.

Ọkọ̀ kúrò ní Rio ní oṣù Keje 1767. Ní oṣù Kẹrin 1768, wọ́n dé Tahiti. Bougainville kọ ọ́ pé bí Baret ṣe fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ni àwọn ará Tahiti yí i ká, wọ́n ń ké pé obìnrin ni. Àwọn mìíràn tó wà nínú ọkọ̀ sọ ìtàn náà lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n àṣírí ti tú. Bougainville kò fìyà jẹ ẹ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé òun retí pé ààfin yóò dárí òfin tó rú jì í. Nígbà tí ọkọ̀ dé erékùṣù Mauritius lópin ọdún náà, Commerson àti Baret sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀. La Boudeuse ń lọ ní tirẹ̀, ó gúnlẹ̀ sí Saint-Malo ní oṣù Kẹta 1769. Ìwé tí Bougainville kọ lórí ìrìn àjò náà jáde ní 1771, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká. Erékùṣù kan ní Papua New Guinea ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Napoleon fi oyè dá a lọ́lá, nígbà tó sì kú ní 1811, wọ́n sin ín sí Panthéon ní Paris, níbi tí Faransé ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí.

Commerson kò padà sílé mọ́. Ó kú ní Mauritius ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1773. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Akadẹ́mì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Paris dìbò yàn án sínú ẹgbẹ́ wọn, torí ìròyìn ikú náà kò tíì wọ òkun dé ọ̀dọ̀ wọn. Àpótí ewé gbígbẹ rẹ̀ àti ìwé tó kọ ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí ọgbà ọba ní Paris. Púpọ̀ nínú orúkọ tó fún ewéko ló ṣì wà lórí tákàdá lásán, kò sí èyí tí ayé rí.

Ibi tí òye iṣẹ́ náà wà nìyí. Lójú àwọn onímọ̀ ewéko, orúkọ tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ. Orúkọ kò bẹ̀rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àpèjúwe tó máa jẹ́ kí ẹlòmíràn dá ewéko náà mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ikú Commerson ni onímọ̀ ewéko ará Faransé, Antoine-Laurent de Jussieu, ṣe èyí fún un nínú ìwé Genera Plantarum, ní 1789, ọdún kan náà tí ìyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. Buginvillaea ló kọ ọ́. Látìgbà náà, oríṣiríṣi lẹ́tà ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń kọ ọ́, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ orúkọ Faransé náà. Ó di 1930 sí 1939 kí lẹ́tà tí à ń lò báyìí tó fìdí múlẹ̀ nínú Index Kewensis, ìwé ńlá tí ọgbà Kew ní London fi ń to orúkọ ewéko. Bí o bá ṣí ìwé àwọn onímọ̀ lónìí, wàá rí i tí wọ́n kọ ọ́ báyìí: Bougainvillea Comm. ex Juss. Ohun tí àmì kékeré yẹn ń wí ni pé Commerson ló ronú orúkọ náà, Jussieu ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni méjì gba iyì nínú lẹ́tà díẹ̀, ẹnì kẹta sì ni agboolé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ fún ẹni tó ru ẹrù.

Orúkọ àwọn ọmọ agboolé náà kò pẹ́ dé. Ní 1799, Carl Ludwig Willdenow, ará Jámánì, pe ọ̀kan ní spectabilis, ìyẹn èyí tó yẹ ní wíwò. Ní 1808, onímọ̀ méjì, Humboldt àti Bonpland, pe èyí tí wọ́n rí ní Peru ní peruviana. Ní 1849, Choisy, ará Switzerland, sọ èyí tí ara rẹ̀ ń dán ní glabra. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó wà lẹ́nu géètì rẹ, fi ìka pa abẹ́ ewé rẹ̀. Bí irun wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀, spectabilis ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bó bá ń dán, bóyá glabra ni. Mo ní bóyá, torí pé àwọn mẹ́ta yìí ti gùn mọ́ra wọn nínú ọgbà àwọn ènìyàn, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì sì jẹ́ àdàlù wọn. Lára àdàlù wọ̀nyí ni èyí tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mrs. Butt rí ní Cartagena, ní Colombia, ní 1910, tó sì mú lọ sí Trinidad. Bougainvillea × buttiana ni wọ́n ń pè é láti 1944. Torí náà, ó ṣeé ṣe fún obìnrin láti ní orúkọ lára igi yìí. Ẹni tó mú ọ̀kan láti ọgbà kan dé òmíràn rí i gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó gun òkè oníyìnyín kò rí i.

Kì í sì í ṣe pé Commerson gbàgbé Baret. Nínú àwọn ewéko tó rí ní Madagascar, ọ̀kan wà tí ewé rẹ̀ kì í jọra wọn, tí ẹ̀ka kan náà máa ń ní ewé tó gùn àti èyí tó rí ṣákaṣàka. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Baretia, ó sì sọ pé òun fi dá obìnrin akọni yìí lọ́lá. Àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó kú. Nígbà tí ewé náà dé Paris, wọ́n rí i pé Linnaeus ti fi orúkọ Turraea pe agboolé náà ní 1771, látara Antonio Turra ti ìlú Vicenza ní Ítálì. Òfin ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ló borí, Baretia sì parẹ́. Baret fúnra rẹ̀ ń ta ọtí ní Port Louis lẹ́yìn ikú Commerson. Ó fẹ́ ọmọ ogun kan, Jean Dubernat, ní 1774, ó sì bá a padà sí Faransé. Bó ṣe délé yẹn ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó yí ayé po. Ní 1785, ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí san owó ìfẹ̀yìntì igba livre fún un lọ́dọọdún. Ó kú ní 1807.

Ó lé ní igba ọdún kó tó di pé ewéko kan jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 2012, onímọ̀ ewéko Eric Tepe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ orúkọ Solanum baretiae jáde, fún ewéko kan láti gúúsù Ecuador àti àríwá Peru tí ewé rẹ̀ kò jọra wọn, gẹ́gẹ́ bíi ti Baretia. Agboolé Solanum ni igbá tí à ń jẹ, tòmátì àti ẹ̀fọ́ ọ̀dù wà. Ọmọ kan nínú agboolé ńlá ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní agboolé tirẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kó ní agboolé.

Àwọn ará Brazil kò kọbi ara sí Bougainville ní tiwọn. Primavera ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìgbà ìrúwé, wọ́n sì tún ń pè é ní três-marias, Màríà mẹ́ta, nítorí òdòdó mẹ́ta tó wà láàárín ewé mẹ́ta. Trinitaria ni àwọn ará Puerto Rico àti Venezuela ń pè é. Ẹni tó sọ ọ́ ní três-marias ti jókòó ti igi náà, ó ti já a, ó sì ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn dára jù lójú mi, torí pé ó sọ ohun tí igi náà jẹ́. Àwọn àgbà tiwa náà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ. Tannáposó àti olómi-ojò ń sọ nǹkan nípa ewéko fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Mirabilis, tí ìwé ń pe tannáposó, àti Thevetia kò sọ nǹkan kan fún un. Ohun tó mú kí àwọn orúkọ Yorùbá wọ̀nyí dúró dòní ni pé àwọn kan jókòó, wọ́n bi àwọn àgbà àti oníṣègùn léèrè, wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀. Z. O. Gbile kó wọn jọ sínú ìwé tí Iléeṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1984, Pierre Verger náà sì kó tirẹ̀ jọ sínú ìwé Ewé, tó jáde ní Brazil ní 1995. Ewé gbígbẹ tó jẹ́ ẹ̀rí irú iṣẹ́ yìí wà ní Ìbàdàn títí dòní, nínú ilé ìkó-ewé-pamọ́ ti iléeṣẹ́ ìwádìí yẹn kan náà, tẹ́ẹ́rẹ́ lórí tákàdá, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti já a àti ọjọ́ tí wọ́n já a.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí o bá wà ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ní orúkọ Yorùbá fún bougainvillea, tàbí fún èyíkéyìí nínú igi ọ̀ṣọ́ tó ti òkèèrè wá yìí, kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kọ ìlú tí o ti gbọ́ ọ, kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ bó bá fún ọ láyè, tẹ ẹ̀ka kan sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kí o sì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá olùkọ́ ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì tó bá sún mọ́ ọ jù. Ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde.